Ọ̀pá Ààbò Tí Kò Ní Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn

Ìka kan péré ni mo fi kàn án, ó sì mì. Férémù tó di dígí iwájú ọkọ̀ mú ni mò ń wí. Ọkọ̀ náà wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Àrámọ̀kọ́. Kò ní òrùlé, kò sì ní í ní in láé, nítorí aláìlórùlé ni wọ́n ṣe é. Mo fi ìka ti férémù náà lókè, ó yẹ̀ sẹ́yìn, ó padà. Mo tún tì í, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ mú rúlà, mo wọ̀n ọ́n: ínṣì kan ó dín díẹ̀. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Èmi nìkan dúró, mò ń tì í, mò ń wọ̀n ọ́n, mò ń bi ara mi pé bí ìka kan bá lè ṣe èyí, kí ni ilẹ̀ yóò ṣe sí i lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yìí bá dojú dé? Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yìí mú mi, kò sì fi mí sílẹ̀ títí ó fi rẹ̀ mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ wẹ́dà dára láti kọ́, n kò ní tàn yín. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ojú ọ̀tún mi kò ríran kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, orúnkún mi ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí férémù dígí ṣe ń yẹ̀, àti ohun tí a ń ṣe tí kò fi ní yẹ̀, oorun á dá lójú mi. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe lọ.

Ìlórò ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo sọ pé irin ni mo fẹ́ kọ́, bàbá mi, tó jẹ́ àgbẹ̀, ní uṣu lòun mọ̀, òun kò mọ irin, ṣùgbọ́n kò dí mi lọ́nà. Ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Fálúyì ní Àrámọ̀kọ́, wọ́n kọ ìwé, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ìwé sọ. Ọdún márùn-ún ni mo lò. Ní ti owó iṣẹ́ yìí, gbólóhùn kan tó: ó tó jẹ, ó tó rán ọmọ nílé ìwé, kò tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀gá Fálúyì kì í na ènìyàn. Ohun tó ń ṣe burú ju nínà lọ. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, fáìlì nìkan ni mo dì mú. Ó fún mi ní irin onígun mẹ́rin kan, ó ní kí n máa fi fáìlì rá a títí ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò fi tẹ́jú. Bí mo bá gbé e dé, yóò gbé e lé orí dígí, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò wo abẹ́ rẹ̀. “Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń kọjá,” ni yóò wí, yóò sì dá a padà fún mi. Nígbà tó wá gbà mí láyè láti máa jó irin pọ̀, òfin rẹ̀ kò ju kan lọ: gé e wò. Ayùn irin ló fi ń la wẹ́ẹ́dì, ojú irin tí ọmọṣẹ́ jó pọ̀, sí méjì lójú oníbàárà. Bí inú rẹ̀ bá ní ihò, yóò so irin náà mọ́ okùn, yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn, yóò sì rán ọ lọ ra iyọ̀ lọ́jà. Ìyá oníyọ̀ ti mọ̀ wá. Á máa wọn iyọ̀, á máa béèrè pé, “Ihò mélòó lónìí?” Ó kàn mí nígbà mẹ́rìnlá. Mo kà á.

Gáàsì káábáìdì la ń lò nígbà náà. A ó da omi sí káábáìdì nínú ìkòkò irin, yóò máa hó, òórùn rẹ̀ yóò wọ ẹ̀wù, yóò wọ oúnjẹ. Bó bá jẹ́ páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò ni a jó, èéfín funfun rẹ̀ a máa mú ènìyàn gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mílíìkì agolo la máa ń mu sí i. N kò mọ̀ títí di òní bóyá mílíìkì náà ń ṣe nǹkan kan. Gbogbo wẹ́dà ló ń mu ún.

Mo ti parí ẹ̀kọ́, mo ti di igbá-kejì ọ̀gá, nígbà tí Tíṣà Kọ́láwọlé gbé àpótí rẹ̀ dé. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìpínlẹ̀ Òǹdó la wà nígbà náà. Bí ìwé bá ti Àkúrẹ́ dé, tíṣà á di ẹrù rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe gbé òun àti ìyàwó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti lọ kàwé lókè òkun, ibẹ̀ ló sì ti ra ọkọ̀ tí wọ́n kò tí ì tò. Inú àpótí pákó ńlá ló wà: ara ọkọ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe, tó fẹ́lẹ́ bí igbá, férémù dígí, iná iwájú méjì, bóòtì lóríṣiríṣi, àti ìwé ìlànà kan. Ẹni tó bá rà á ni yóò wá ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Tíṣà ra ọkọ̀ ìjàpá ògbólógbòó kan. A ká ara rẹ̀ kúrò, a fi ilẹ̀ rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, a gbé ara fáíbà lé e. Ọkọ̀ tí mo fi ìka tì nìyẹn.

Ìwé ìlànà náà ní àwòrán. Ní ojú ewé kan, irin kan tẹ̀ bí ọrun lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, ó ga ju orí rẹ̀ lọ. Ọ̀pá ààbò ni: bí ọkọ̀ bá dojú dé, òun ni yóò gbé ọkọ̀ kúrò lórí ènìyàn. Láti òkè rẹ̀, irin méjì mìíràn sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Awo irin fífẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo wo ojú ewé yẹn títí ọ̀rá ìka mi fi hàn lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìwé yẹn tó dé, àwa ti mọ irin tó tẹ̀ lókè ọkọ̀. Gbogbo píkọ́ọ̀pù tó ń kó ènìyàn re oko ló ní in. Ìdìmú là ń pè é, nítorí ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ló ń dì í mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀gá Fálúyì ti ṣe ìdìmú kò lóǹkà. Nígbà tó rí àwòrán náà, ó ní, “Ìdìmú ni.” Tíṣà wò ó títí, ó ní tòótọ́ ni, pé bí a bá sì yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì yẹn kúrò, àyè yóò wà fún àpò iṣu mẹ́ta.

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn kò wá ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe?”

Ọ̀gá ní, “Ta ni yóò dì í mú níbẹ̀?”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Páìpù oní-ínṣì kan àti ààbọ̀ la lò. A yan iyanrìn gbẹ nínú agbada, a rọ ọ́ sínú páìpù, a fi igi dí i lẹ́nu méjèèjì, a gbé e sórí ẹyín iná, a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iyanrìn ni kì í jẹ́ kí páìpù fún níbi tó ti tẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá. Bí ọ̀rinrin bá wà nínú rẹ̀, èéfín omi á yìnbọn igi ìdínu yẹn jáde. A jó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí kò ti ní dí ẹni tó jókòó lọ́wọ́. Ní ti férémù dígí, mo fi irin pẹlẹbẹ sínú rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, mo fi bóòtì dè é mọ́ fáíbà. Mo fi ìka tì í, kò mì mọ́. Inú mi dùn.

Àṣà ibi iṣẹ́ wa ni pé bí a bá parí ìdìmú, a ó so rọ̀ sórí rẹ̀. Àwa mẹ́fà la so rọ̀ sórí ti Tíṣà lẹ́ẹ̀kan náà, a gbé ẹsẹ̀ sókè, a ń fì bí èso. Kò yẹ̀. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí lónìí yóò ti rí àṣìṣe wa. Ìdìmú, ènìyàn ló ń fà á wálẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ọ̀pá ààbò, ilẹ̀ ni yóò tì í, yóò tì í láti ẹ̀gbẹ́ àti láti iwájú, kò sì ní ṣe pẹ̀lẹ́.

Ọdún méjì ni ọkọ̀ náà fi rìn. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀. Màmá Bùnmi, ìyàwó Tíṣà, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní kò sí ohun tó yàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti agbada tó ní táyà. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ sí ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi, inú rẹ̀ náà ló ń jókòó sí, gèlè rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Tíṣà nìkan ń ti Ẹ̀fọ̀n bọ̀, iṣu wà lẹ́yìn, òjò ń rọ̀. Àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Lọ́jọ́ náà, Tíṣà kò rí ọ̀nà tí yóò fi kọ̀ fún un. Omi gba táyà mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi kọ́nà kan lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́, ó dojú dé sínú gọ́tà.

Wọ́n ti gbé Tíṣà lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó kí èmi àti ọ̀gá mi tó dé ibẹ̀. Àwa àti àwọn àgbẹ̀ la yí ọkọ̀ náà padà sórí táyà. Ọ̀pá wa kò ṣẹ́. Kò tilẹ̀ tẹ̀ níbì kankan. Odindi rẹ̀ ló sùn sẹ́yìn bí ilẹ̀kùn tó ṣí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fa ilẹ̀ ọkọ̀ ya bí ìgbà tí a fa páálí ya. Férémù dígí ti já kúrò lára fáíbà, ó sì ti ká wọlé sórí ìjókòó awakọ̀. Ọ̀gá Fálúyì kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ìka tọ ojú wẹ́ẹ́dì kọ̀ọ̀kan. “Kò là,” ó wí. Ó lọ sí èkejì. “Kò là.” Ó tọ gbogbo wọn tán.

Apá ọ̀tún Tíṣà ló lọ sí i. Férémù fọ́ egungun rẹ̀ sí mẹ́ta, iṣan kan sì já tí wọn kò rí so. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún un pé mo rí àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn nínú ìwé, mo sì panu mọ́.

Ó ní, “Jídé, dìde. Ìwọ béèrè lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé agbára ní ibi tó ń lọ, iṣu ni mò ń rò.”

Màmá Bùnmi wà níbẹ̀. Mo kí i, ó kẹ̀yìn sí mi.

Nígbà tí Tíṣà jáde, ó ní òun yóò tún ọkọ̀ náà tò, èmi ni yóò sì ṣe é. Ẹnu ya ọ̀gá mi. Ẹnu ya èmi náà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ. Oorun kò kùn mí mọ́, bí mo bá di ojú, ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn tó ya ni mò ń rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé n kò ní lè fi ọwọ́ kan irin mọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò, wọ́n ní ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi fẹ́ mọ ohun tó kọ́ ẹni tó gbẹ́ kòtò náà.

Igi ìgbálẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi òwú so mẹ́rin pọ̀ ní igun mẹ́rin, mo tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wó. Mo so mẹ́ta pọ̀ ní igun mẹ́ta, mo tì í, kò wó. Àfi kí igi fúnra rẹ̀ ṣẹ́. Tíṣà jókòó tì mí, apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn, ó ń fi ọwọ́ òsì yàwòrán. Ó yé mi wàyí. Àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn kì í ṣe fún dídìmú. Àwọn ló ń sọ ọ̀pá di onígun mẹ́ta.

Oṣù mẹ́rin ni mo lò. Páìpù omi kọ́, mo wá páìpù tí ara rẹ̀ nípọn gan-an, kò sì ní síńkì. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo fún ọ̀pá náà. N kò jó ọ̀kankan mọ́ ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn: mo fi awo irin oní-ínṣì mẹ́fà lókè, òmíràn nísàlẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ wà láàárín bí ọbẹ̀ láàárín búrẹ́dì, bóòtì mẹ́rin ní awo kọ̀ọ̀kan, mo sì jó awo mọ́ irin tó nípọn tó wà létí ilẹ̀ ọkọ̀. Ní ti férémù dígí, mo tẹ páìpù sínú rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kan gba òkè dé ẹsẹ̀ kejì, mo fi irin onígun mẹ́ta dí igun méjèèjì lókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lórí fáíbà mọ́. Ó gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ dé irin etí ilẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀gá Fálúyì ń wò mí. Lọ́jọ́ tí mo parí, òun fúnra rẹ̀ ló mú ayùn irin dé, ó ní kí n jó irin méjì pọ̀ bí mo ṣe jó ti ọkọ̀ náà. Ó là á. Ó wò ó lóòrùn, kò rí ihò kankan. Ó jù ú sílẹ̀, ó lọ jókòó.

A kò tí ì gbé ara fáíbà padà lé e nígbà tí Màmá Bùnmi dé. Àwọn dókítà ti sọ pé apá ọ̀tún Tíṣà kò ní lè yí jíà mọ́ láé, ó sì ti pinnu pé ìyàwó òun ni yóò máa wà á. Mo rò pé ó wá bú mi ni.

Ó ní, “Ṣé wọ́n tún ti so rọ̀ sórí rẹ̀?”

Mo ní, “Rárá, mà.”

“Ó dára. Bó bá jẹ́ èmi ni yóò wà lábẹ́ irin yìí, ìwọ ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé. Ìwọ jókòó sínú rẹ̀, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí n máa wò ó.”

Tíṣà fẹ́ dá sí i. Ìyàwó rẹ̀ ní kó máa jẹ iṣu rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní í purọ́. A di àpò iyanrìn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kí ìwúwo rẹ̀ lè pé. A tì í lọ sí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó, mo de bẹ́líìtì méjì mọ́ ara mi, mo ká ọwọ́ mọ́ àyà. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ gbé ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo gbọ́ tí ọ̀gá mi ń ka oókan, eéjì. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀run yí, ilẹ̀ dé, eyín mi gbá ara wọn, iyanrìn wọ imú mi. Mo wà ní orí-kodò. Láàárín orí mi àti ilẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì gba àyè.

Màmá Bùnmi bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sí mi. “Ṣé o wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀, mà.”

“Jáde, kí n rí i pé o ń rìn.”

Mo rìn. Mo mú téèpù, mo wọ̀n ọ́n: ọ̀pá ààbò yẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì, férémù dígí yẹ̀ ní ìdajì ínṣì, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mẹ́rin ti ọ̀pá àti méjì ti férémù, kò kúrò lójú kan. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Màmá Bùnmi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ wíwà, Tíṣà jókòó tì í, ó ń ṣe àtúnṣe, obìnrin náà sì ń sọ fún un pé kí ó dákẹ́.

Láti ìgbà náà, n kò ṣe ìdìmú kan láìfún un ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, bí oníbàárà tilẹ̀ bínú. Àwọn kan lọ bá wẹ́dà mìíràn. Irinṣẹ́ yí padà. Iná mànàmáná dé ṣọ́ọ̀bù, káábáìdì lọ. Ẹ̀rọ tó ń fi jáàkì tẹ páìpù dé, iyanrìn lọ. Ohun tó ń gba ọjọ́ kan wá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gíráńdà tó ń gé irin dé, ariwo rẹ̀ sì jẹ lára etí mi. Ìmọ́lẹ̀ wẹ́ẹ́dì tuntun yẹn ló mú ojú ọ̀tún mi lọ, nítorí mo máa ń kánjú, mo máa ń fi ojú lásán wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Fálúyì kú, mo jogún ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ̀ mí díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ ṣe ń gbó.

Ọdún mẹ́jọ ni Màmá Bùnmi fi wa ọkọ̀ náà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Òǹdó nígbà tí ẹnìkan sáré dé láàárọ̀ pé lọ́rì onígẹdú kan ti gbá a kúrò lójú ọ̀nà lápá Erìò, pé ọkọ̀ ti dojú dé. N kò mọ bí mo ṣe gun ọ̀kadà débẹ̀. N kò mọ ohun tí mo ń gbà ládùúrà lọ́nà.

Ọkọ̀ náà wà ní orí-kodò nínú pápá. Dígí ti di ẹ̀rúnrún. Màmá Bùnmi jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, gèlè rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bú awakọ̀ lọ́rì, ọkùnrin náà sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo kí i, mo tún kí i. Ó wo ọwọ́ mi.

“O tún mú téèpù dé,” ó wí. “Lọ wọ̀n ọ́n, kí ara rẹ lè balẹ̀.”

Mo wọ́ lọ sábẹ́ ọkọ̀, mo sì wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá ààbò yẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínṣì. Férémù dígí yẹ̀ ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò kúrò. Mo padà wá sọ fún un. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ìgúnpá sí mi, níbi tí ara rẹ̀ ti bó. Kò sí ọgbẹ́ mìíràn lára rẹ̀. Ó ní kí n kúkú wọn ìyẹn náà mọ́ ọn.

Ínṣì kan àti ààbọ̀.